Ọmọ Tó Ń Gbọn Ọwọ́ Lábẹ́ Fáànù

Ọmọbìnrin wa kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn ọwọ́. Bí iná bá ti dé nílé wa ní Àgùdà, tí fáànù òkè àjà bẹ̀rẹ̀ sí í yí, yóò sáré lọ dúró sábẹ́ rẹ̀, yóò gbéra sórí ọmọ ìka ẹsẹ̀, yóò máa gbọn ọwọ́ méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, yóò sì máa kùn bí oyin. Ijó ni mo pè é. Mo máa ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Ìgbà tí olùkọ́ rẹ̀ ní jẹ́lé-ó-sinmi pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni àyà mi kọ́kọ́ já. Ó ní tí àwọn ọmọ yòókù bá ń kọrin, ṣe ni tèmi máa ń mi ara síwá sẹ́yìn, bí ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi, wọn ì báà pè é títí. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́ títí mo fi délé.

Láti ìgbà náà ni oníkálùkù ti ní tirẹ̀ láti sọ. Àǹtí tó ń gbé lókè wa ní fóònù ló fà á. A gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ, kò yí nǹkan kan padà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí n máa fún un ní nǹkan dì mú. Mo fún un ní ṣíbí, ó di ṣíbí mú, ó sì ń gbọn tọwọ́ tiṣíbí. Ìyá ọkọ mi, Àlùhájà tó ń ta aṣọ ní Mushin, tí wọ́n máa ń wá kí wa lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n á rọra di ọwọ́ ọmọ náà mú pé kó lè fara balẹ̀. Ẹkún ló máa ń bú sí.

Níkẹyìn, ọkọ mi ti ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta ìwé ní Sábó pa lọ́jọ́ kan, a gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà àwọn ọmọdé kan ní Yábà. Dókítà yìí kò jókòó sórí àga rárá. Ilẹ̀ ló jókòó sí pẹ̀lú ọmọ wa, tí àwọn méjèèjì jọ ń ta ìdérí ike kan bí òkòtó. Ó ń bi wá léèrè bó ṣe ń ṣe é: ṣé ọmọ máa ń nàka sí ohun tó bá fẹ́, ọ̀rọ̀ wo ló ti ń sọ, báwo ló ṣe ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré. Èmi ń retí kó dárúkọ àìsàn ńlá kan. Kò dárúkọ kankan. Ó ní ó ṣì yá jù láti fẹnu lé e, pé òun á máa rí i déédéé, kí a sì wá ẹni tí yóò máa bá a ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ sísọ.

"Ní ti ọwọ́ yẹn, ẹ má dì í mú mọ́, àfi tó bá fẹ́ ṣe ara rẹ̀ léṣe," ó ní. "Ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ọwọ́ tó gbéra ni kí ẹ máa wò. Ó ń sọ nǹkan fún yín."

Ọkọ mi mú un bí ẹni mú ìdíje bọ́ọ̀lù. Tá a bá ti ń jẹun alẹ́, oníkálùkù á ròyìn ohun tó rí. Òun ló mọ̀ pé ayọ̀ ni ọwọ́ tó ń yára: ayọ̀ fáànù, ayọ̀ omi tó ń kún korobá, ayọ̀ ìró kọ́kọ́rọ́ bàbá rẹ̀ lẹ́nu géètì. Èmi ni mo mọ̀ pé tó bá ń mi ara, ariwo ló ti kún un létí, pàápàá tí wọ́n bá ń lọ ata lójúlé kejì. Lọ́jọ́ tí mo rí ìyẹn, mo ń yan bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, iná dé, ọkọ mi sì ní òun fẹ́ mọ bó ṣe ń rí lára. Ó lọ dúró ti ọmọ lábẹ́ fáànù, ó gbéra sórí ọmọ ìka ẹsẹ̀, odidi àgbàlagbà tó dá irùngbọ̀n sí, ó ń gbọn ọwọ́, ó ń kùn. Ẹnu ẹ̀ ló wà tí ìyá rẹ̀ fi ṣílẹ̀kùn wọlé. Wọ́n wo ọmọ, wọ́n wo bàbá ọmọ.

"Ṣé ó ti ràn ẹ́ ni?"

Ẹ̀rín gbé mi ṣubú sórí àga. Ọkọ mi kò tilẹ̀ dáwọ́ dúró. Ó ní kí wọ́n gbé báàgì sílẹ̀, kí wọ́n wá dán an wò. Mo rò pé wọ́n á bínú. Wọ́n sún ìborùn wọn sẹ́yìn, wọ́n gbọn ọwọ́ díẹ̀, wọ́n tún gbọn ọ́n sí i. Ọmọ wa yíjú sí wọn, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fà wọ́n láṣọ kí wọ́n lè bọ́ sábẹ́ fáànù dáadáa.

Nígbà tí wọ́n jókòó, wọ́n ní ó mà ń mú ara fúyẹ́. Wọ́n wá kọjú sí ọmọ wọn. "Ìwọ yìí, etí mi lo máa ń fọwọ́ ra kó o tó lè sùn, títí o fi wọ ilé-ìwé. Kò sẹ́ni tó bi ọ́ pé kí ló dé."

Ó ti lé lọ́dún kan báyìí. Ọ̀rọ̀ ti ń jáde lẹ́nu ọmọ wa, díẹ̀díẹ̀. Dókítà ṣì ń wò ó, àwa náà ṣì ń kọ́ èdè rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi, ọmọ wa àti Àlùhájà ń dúró de ọkọ̀ ní Ojú Ẹlẹ́gbà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mi ara. Obìnrin kan tó dúró tì wá béèrè pé kí ló ń ṣe ọmọ yìí. Àlùhájà ló dá a lóhùn.

"Ariwo ibí ló pọ̀ jù fún un. Ìwọ ńkọ́, ọmọ mi, ṣé kò pọ̀ jù fún ọ?"

Obìnrin náà rò ó wò. Ó ní ó ti pọ̀ jù fún òun tipẹ́. Ó gbé ẹrù rẹ̀, ó tẹ̀ lé wa lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù kan tí ariwo ò pọ̀, gbogbo wa sì sinmi níbẹ̀.