Orúkọ Tí Ìyá Àgbà Kò Pè

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ wa. Ẹ bọ́ kóòtù yín, ẹ jókòó, kí ẹ sì dojú fóònù yín délẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò dùn, ṣùgbọ́n bí mo bá gbé e mì, ẹ̀yin ni yóò pa lára.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, ni mo ti máa ń lo họlidé. Oko kòkó ni. Ìrì á máa ta sí wa lẹ́sẹ̀, ìyá àgbà á máa fọ́ kòkó, èmi á máa yọ hóró rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀, n ó sì máa jí omi dídùn ara rẹ̀ lá. Ìyá àgbà kì í dákẹ́ ọ̀rọ̀, àfi bó bá kan ọkọ rẹ̀. "Bàbá ìyá rẹ ló gbin ìlà yìí kí wọ́n tó mú un lọ Bọ́mà," á wí bẹ́ẹ̀, á sì mú kòkó mìíràn fọ́. Bọ́mà ni wọ́n ń pe ogun tí àwọn òyìnbó kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin wa lọ jà. Bàbá àgbà lọ, kò bọ̀. Ìyá mi kò tíì mọ̀ ọ́n rìn nígbà náà. Kò sí lẹ́tà, kò sí òkú, ẹnikẹ́ni kò wá sọ pé ibi báyìí ni wọ́n sin ín sí.

Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Ìyá àgbà, kí ni orúkọ bàbá àgbà?"

Ó fi ọwọ́ tó kún fún omi kòkó lù mí lẹ́nu pẹ́. "Ṣé ẹnu èmi ìyàwó rẹ̀ lo ti fẹ́ gbọ́ ọ? Olówó orí mi ni. Ó tó bẹ́ẹ̀."

Ó yẹ kí n là á yé yín. Láyé ìgbà náà, ìyàwó kì í pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Kì í tilẹ̀ í pe ẹnikẹ́ni tó bá nínú ilé ọkọ lórúkọ, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́. Ọkọ rẹ̀ ni gbogbo wọn, tọkùnrin tobìnrin, yóò wá orúkọ mìíràn sọ wọ́n ni. Nítorí pé bàbá àgbà ga, tó sì rí tín-ín-rín, Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ ni àwọn ìyàwó ilé ń pè é. Àbúrò rẹ̀, tó ṣú ìyá àgbà lópó nígbà tí ọdún gorí ọdún, "ẹ̀gbọ́n mi" lòun ń wí. Orúkọ àbúrò yìí ni wọ́n sì kọ fún ìyá mi nílé ìwé gẹ́gẹ́ bí orúkọ bàbá. Àwọn arúgbó tó mọ orúkọ bàbá àgbà ṣì pọ̀ níta ilé wa nígbà náà, tí wọ́n ń ta ayò. Ká ní mo bi ọ̀kan péré! Eré ni mo sá lọ ṣe.

Mi ò mọ ohun tí mo sọ nù títí di èṣín. Ìyá mi ń gbé lọ́dọ̀ mi lókè òkun níbí, ní North York, nínú ilé gogoro wa, ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀, kí a máa fún un lóúnjẹ tó bá wù ú. Oúnjẹ kọ́ ló wù ú.

"Ẹ bá mi wá ibi tí bàbá mi sùn sí," ló ń wí. "Mi ò fẹ́ pàdé rẹ̀ kí n máa sọ pé mi ò wá a."

Ọmọ mi obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, wá ibi tí wọ́n kó ìwé àwọn ọmọ ogun ìgbà náà sí ní ìlú àwọn òyìnbó tó kó wọn lọ jagun, ó sì ṣí fọ́ọ̀mù wọn. Ohun àkọ́kọ́ tí fọ́ọ̀mù náà béèrè ni orúkọ.

"Grandma, kí lorúkọ bàbá yín?"

Ìyá mi ń wo yìnyín lójú fèrèsé. "Ta ni ì bá sọ fún mi?"

A kọ Òpẹ́lẹ́ńgẹ́. Wọ́n dá a padà pé àwọn kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi ní, "Mummy, wọn ò lè wá ẹni tí ò ní name."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe ilé. Gbogbo ẹni tí mo pè ló ń ka òkú fún mi: lágbájá ni ì bá mọ̀, ó ti kú, tàmẹ̀dò ni ì bá mọ̀, òun náà ti kú. Ẹsẹ̀ ìyá mi ń wú sí i. Ìgbà tó yá, ẹnì kan rántí pé ìyàwó ilé kan ṣẹ́ kù, tó bá bàbá àgbà nílé kó tó lọ ogun. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọgọ́rùn-ún ọdún, ó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Ìbàdàn.

Nígbà tí mo bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ̀rín ló fi bú. "Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ kẹ̀? Mo mọ orúkọ rẹ̀ bí mo ṣe mọ ọ̀nà ọ̀fun mi. Ṣùgbọ́n látọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi wọ ilé yẹn, mi ò pe ọkọ kan lórúkọ rí. Ṣé ìgbà tó ku díẹ̀ kí n délé ni kí n wá bà á jẹ́?"

Mo kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì bí ẹni pé ó ń rí mi. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sunkún. Ó ní kí n má bínú, ẹnu òun kò gbà á.

Ìyá mi, tí kò tíì dìde jókòó láti ọjọ́ mẹ́ta, na ọwọ́. "Gbé e fún mi."

Ó pè é: "Ìyàwó!"

"Yéè! Ọkọ mi! Ọkọ mi tí mo pọ̀n, tó tọ̀ sí mi lẹ́yìn!"

"Àfojúdi rẹ kò tíì tán. Àwọn ọkọ tó o bá nílé yẹn, mélòó ló kù?"

Ẹ̀rín obìnrin náà dá. "Ìwọ nìkan ni."

"Ó dáa. Èmi ọkọ rẹ ni mo ní kí o pè é. Bó bá ní èèwọ̀ nínú, kó wá sórí mi."

  Lẹ́yìn náà la gbọ́ ọ, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń tọrọ àforíjì: "Ọdẹ́dìran."

Ìyá mi pè é tẹ̀lé e, ó tún un pè, bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Gbogbo ọjọ́ yẹn ló fi ń pè é.

A tún fọ́ọ̀mù náà fi ránṣẹ́. Ìyá mi kú kí èsì tó dé. Èsì náà ní àwọn kò rí Ọdẹ́dìran kankan. Wọ́n ní akọ̀wé ogun a máa kọ ohun tó bá wù ú fún àwọn èèyàn wa, á fi orúkọ ìlú wọn ṣe orúkọ bàbá wọn. Ṣé a mọ nọ́ńbà tí wọ́n fún un nínú ogun? Inú mọ́tò ni mo ti kà á. Ẹkún tí mi ò rí sun níbi ìsìnkú ìyá mi, ibẹ̀ ni mo ti sun ún.

Àbúrò mi ní Brampton ló kó aṣọ ìyá wa àti Bíbélì rẹ̀. Ọmọ mi ló jogún wíwá náà. Ní báyìí, orúkọ ìlú wa ló ń kọ sí fọ́ọ̀mù, ó sì ń rí ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ń jẹ́ ìlú wa, kò mọ èwo ni tiwa. Orúkọ ni èmi jogún, láìsí ibojì tí n ó pè é sí.

Ayé ti yí. Nínú ẹlifétọ̀ tó ń gbé wa gòkè ilé wa níbí, mò ń gbọ́ bí àwọn ìyàwó ṣe ń pe ọkọ wọn lórúkọ gbàgbàgbà. Ọmọ mi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo bá a wí nítorí rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣègbéyàwó. Mi ò bá a wí mọ́. Ẹ pè wọ́n. Ẹ pe orúkọ wọn sókè létí àwọn ọmọ yín, títí wọn yóò fi mọ̀ ọ́n kọ.