Òjìji Tí Mo Fi Sẹ́yìn Ọ̀rọ̀ Bàbá Olùkọ́

Ní apá ìparí àwọn ọdún 1990, mo ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Ṣàngó, nílùú Ìlọrin. Ìwé ètò ìsìnkú àti káàdì ìgbéyàwó la sábà máa ń ṣe. Ọ̀gá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi òjìji sẹ́yìn lẹ́tà àti fọ́tò, tí nǹkan náà á fi dà bíi pé ó gbéra kúrò lórí ìwé. Ó wọ̀ mí lójú débi pé kò sí iṣẹ́ tí mi ò fi í sí.

Lọ́jọ́ kan, bàbá kan wọlé, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Òmù-Àrán. Ìyàwó wọn ló kú. Wọ́n mú fọ́tò màmá náà wá, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìdágbére tí bàbá fúnra wọn fẹ́ kà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

“Ọmọ mi,” bàbá ní, “jọ̀wọ́, jẹ́ kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi, kó sì hàn kedere. Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́.”

Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ẹ má ṣèyọnu, sà.”

Mo fi òjìji sẹ́yìn fọ́tò màmá, ó sì dára. Ibẹ̀ ló yẹ kí n dá a dúró sí. Ṣùgbọ́n mo tún fi í sí ọ̀rọ̀ bàbá látòkè délẹ̀. Nígbà tí ẹ̀dà àkọ́kọ́ jáde, ńṣe ló dà bíi pé wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì lórí ara wọn. Mo rí i. Àmọ́ mo ti lo odidi ọ̀sán kan lórí ẹ̀, mo sì fẹ́ kí àwọn èèyàn mọ̀ pé mo mọṣẹ́. Mo sọ fún ọ̀gá mi pé ó ti dáa, a sì tẹ ìyókù. Àbúrò bàbá ló wá kó o lọ.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kí n lè gbọ́ bí wọ́n ṣe máa yin iṣẹ́ mi. Bàbá dìde, wọ́n ka “Aya mi ọ̀wọ́n”, wọ́n dúró. Wọ́n gbé ìwé sún mọ́ ojú, wọ́n gbé e jìnnà. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n fi etí agbádá nù ún, wọ́n tún gbé e wọ̀. Àwọn èèyàn bú sẹ́kún.

“Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá. Ẹ jókòó, ó ti tó,” àwọn kan ń sọ.

Àbúrò wọn dì wọ́n mú, ó mú wọn jókòó. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì rò pé ẹkún ni. Èmi nìkan ni mo mọ̀. Ara mi gbóná bí olè tí wọ́n ká mọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mo tún ọ̀rọ̀ náà tẹ̀ láìsí òjìji, mo gbé e lọ sílé wọn.

“Bàbá, ẹ dárí jì mí. Kì í ṣe ẹkún ló dí yín lọ́wọ́. Èmi ni. Mo rí i pé kò ṣeé kà kí a tó tẹ ìyókù.”

Bàbá ní, “Èmi pàápàá rò pé omijé ni.”

Wọ́n gba ìwé tuntun náà, wọ́n dìde, wọ́n sì kà á fún èmi nìkan, láìkọsẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé owó ìránṣọ màmá ni bàbá fi parí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, àti pé wọn ò jẹ́wọ́ ẹ̀ rí fún àwọn ará ilé wọn tó máa ń pe màmá ní ọ̀lẹ.

“Mo ti dárí jì ọ́,” bàbá ní. “Ṣùgbọ́n àwọn tí mo kọ ọ́ fún ti padà sílé.”

Mo ní kí n tẹ ẹ̀dà púpọ̀ sí i, kí a fi ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní ẹnu àwọn ni àwọn fẹ́ kí ará ilé ti gbọ́ ọ, níwájú òkú.