Ahọ́n Erin Àbúrò Mi

Ọ̀dọ̀ mi ni ìyá wa ń gbé ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Èmi ni mò ń gbé omi sí balùwẹ̀ fún wọn, èmi ni mò ń se oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá ti jókòó báyìí, ọ̀rọ̀ ahọ́n erin tó wà níwájú ilé àbúrò mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni màmá máa fà yọ. Kì í ṣe ahọ́n erin gbọọrọ tí a ń fi ra egbò o. Èyí kéré, ó ṣù bí ìkúùkù, àmì funfun wínníwínní sì wà lára ewé rẹ̀. Ẹwà lásán ni wọ́n ń gbìn ín fún. Mo jowú, mi ò ní purọ́. Ó burú débi pé bí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ Ògbómọ̀ṣọ́, ara mi á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná.

Nígbà tí àwọn ọdún 1980 ń parí lọ, àbúrò mi wá ṣe Iléyá lọ́dọ̀ wa, ó sì di kóró òdòdó náà sínú bébà fún mi. Kóró dúdú ni, pẹlẹbẹ, bí èèyàn bá mí sí i, ó ti fò lọ.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbìn ín, kí màmá lè máa rí i níbí. Ẹ má bomi rin ín jù o, omi ló ń pa á."

Mo rẹ́rìn-ín, mo dúpẹ́. Nínú mi, mo ní, jẹ́ kí n mú un jáde, kó dára ju tìrẹ lọ, kí màmá fi ẹnu ara wọn sọ ọ́.

Mo jọ iyanrìn, mo lu ihò sí ìdí agolo, mo gbin ìdajì kóró náà, mo sì gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó hù. Kò pẹ́ ni gbogbo rẹ̀ dojú bolẹ̀, gbòǹgbò ti jẹrà, bẹ́ẹ̀ ìka lásán ni mo fi ń wọ́n omi sí i. Mo bá ń ṣọ́ agolo náà kí n lè mọ ohun tó fà á. Àṣé bí màmá bá ti ṣe àlùwàlá tán, omi tó bá ṣẹ́kù sínú bútà, inú agolo mi ni wọ́n ń dà á sí, ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ kírun.

Nígbà tí mo bi wọ́n léèrè, wọ́n ní, "Omi àlùwàlá ní bárákà." Wọ́n wá fi kún un pé, "Ọwọ́ àbúrò rẹ ló dára fún nǹkan gbígbìn."

Ẹ̀jẹ̀ mi hó. Mo gbé kóró tó kù lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ, mo gbìn ín sínú àwọn agolo mìíràn lórí fèrèsé, mo fi ọ̀rá bò ó títí tó fi hù. Inú èso kan náà ni wọ́n ti wá, síbẹ̀ wọn ò jọra. Ewé àwọn kan kàn dúdú lásán ni. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà láàárín wọn tí funfun kún lára rẹ̀ débi pé èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ewé. Mo máa ń fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀ lórí máṣíìnì, màá lọ wò ó. Ti Ògbómọ̀ṣọ́ ò lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rárá.

Nígbà tí àbúrò mi tún wá kí wa, mo gbé ọ̀kan náà wálé nínú agolo rẹ̀, mo gbé e ka iwájú màmá. Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, tèmi ò tó èyí o."

Ojú màmá ni mò ń wò. Wọ́n fọwọ́ kan ewé rẹ̀, wọ́n ní, "Máṣáàláhù." Wọ́n wá kọjú sí àbúrò mi. "Kóró rẹ mà dára o. Gbé e dání tóo bá ń lọ, kó lọ wà pẹ̀lú ìyá rẹ̀."

Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo ní, "Màmá, ìgbà wo lẹ máa yin èmi náà?"

Ó yà wọ́n lẹ́nu. Wọ́n ní, "Ìyìn kẹ̀? Àbúrò rẹ ló ń lọ, tó ń bọ̀. Bó bá dé, inú mi á dùn, mo máa kí i káàbọ̀. Ìwọ ò kúrò lọ́dọ̀ mi rí. Ìgbà wo ni mo fẹ́ kí ọ?"

Mo ní ó dáa. Mo ní kí àbúrò mi dúró ti màmá, èmi fúnra mi ni mo máa gbé òdòdó náà lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo wọkọ̀. Mo sun ilé àbúrò mi, mo gbé agolo náà sí ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀, mo sì padà.

Nígbà tí mo dé, màmá ti dìde lórí ẹní, wọ́n di ògiri mú wá sí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní, "Káàbọ̀, ọmọ mi. O kú ewu ọ̀nà o. Ilé yìí ò gbà mí látìgbà tóo ti lọ."

Mi ò tètè wọlé. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àpò lọ́wọ́, bóyá wọ́n á tún un sọ.