Àpótí Ìyá Mi àti Ewì Ará Filipíìnì

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ògbómọ̀ṣọ́, àlọ́ kì í parí sí ẹnu ẹni tó ń pa á. Ẹnu àwa ọmọdé ló ń parí sí. Bí ìyá àgbà mi, ìyá tó bí ìyá mi, bá ti pa àlọ́ tán, wọ́n á na ẹsẹ̀ wọn sórí ẹní, wọ́n á sì máa wò wá lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wa ti mọ ohun tí wọ́n ń dúró dè. Ọmọ tó bá máa la ẹnu ní láti sọ pé àlọ́ yìí kọ́ wa pé kí á má ṣe ojúkòkòrò, tàbí pé kí á má máa purọ́, tàbí ohunkóhun tó bá bá àlọ́ ọjọ́ náà mu. Ẹni tó bá sọ ọ́ dáadáa ni wọ́n máa bu ẹ̀pà sísè fún. Ẹ̀yin ọmọ mi, mo jẹ ẹ̀pà nígbà náà o.

Ohun kan ṣoṣo tí kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu wa ni ọ̀rọ̀ ara wa. Ó ní ọjọ́ kan tí ìyá àgbà pa àlọ́ ọmọbìnrin kan tó ń dúró de ìyá rẹ̀ létí odò. Mo ní àlọ́ náà jọ tèmi. Ìyá mi wà ní Gánà nígbà náà, ní Kùmásì, níbi tí ọ̀pọ̀ ará ìlú wa ti ń ṣòwò. Ìyá àgbà wò mí títí, wọ́n ní, "Ṣé orúkọ rẹ ló wà nínú àlọ́ ni?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ kí àwọn ẹ̀gbọ́n mi tó yé pè mí ní Ọmọ-Inú-Àlọ́. Wọn kò fi ṣe ìkà, bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ nìyẹn. Gbogbo ènìyàn ló ni àlọ́, ọmọ kan kò gbọdọ̀ dá gbé e sọ́rùn ara rẹ̀. Mo gbọ́, mo sì gbà.

Ẹ wá wò mí ní Dagenham níbí, ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, àwọn ọmọ ti kúrò nílé, mo bá lọ forúkọ sílẹ̀ fún kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà ní Rush Green. Ìwé mẹ́fà ni mo kà mọ, ó sì ti pẹ́ tó ti ń dùn mí. Mo fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí kan tí orúkọ mi wà lórí rẹ̀ nígbà tí ojú mi ṣì ń ríran kà á. Olùkọ́ wa kò ju àbíkẹ́yìn mi lọ. Orúkọ mi gan-an ló ń pè, kò fi Màmá síwájú, kò fi Àǹtí sí i. Níbẹ̀rẹ̀, bó bá ti pè mí báyìí, mo máa ń wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ló ń bá wí. Ó ti mọ́ mi lára.

Ó ní a ó máa ka àwọn ìtàn kéékèèké, a ó sì ka ewì àwọn ará Filipíìnì tí wọ́n túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, kí oníkálukú wá kọ ohun tí ó ṣe sí i lọ́kàn. Ìtàn àkọ́kọ́ dá lórí bàbá kan tó ń tún aago ṣe, ṣùgbọ́n tí kò fọwọ́ kan aago ìyàwó rẹ̀ tó ti kú. Mo kà á, mo jókòó dáadáa, mo kọ ọ́ pé ìtàn yìí kọ́ wa pé kí á máa ṣe nǹkan lásìkò. Olùkọ́ dá a padà. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì mi mọ́, ẹ̀kọ́ tí mo fà yọ náà dára, àmọ́ òun kò rí èmi fúnra mi níbẹ̀. Mo rò pé ẹ̀kọ́ náà ni kò tó. Nígbà tí mo kọ ti ìtàn kejì, mo kó ẹ̀kọ́ mẹ́ta sí i. Ó tún dá a padà. Ó fi pẹ̀lẹ́tù jókòó tì mí, ó ní, "Ìwọ ńkọ́?" Ó wá ṣàlàyé pé ewì ló kàn, pé bí òun bá tún dá ìyẹn padà, n kò ní lè bá àwọn yòókù lọ sí ìpele kejì, àfi kí n padà wá bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tó dàgbà tó mi kì í fi ọdún tó ń bọ̀ ṣeré.

Ewì náà kò gùn. Ọmọ kan ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń bá olówó gbálẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè, ó sì máa ń fi páálí ńlá ránṣẹ́ sílé, oúnjẹ inú agolo, aṣọ àti ọṣẹ. Ọmọ náà kì í wo aṣọ. Ó ń dúró títí páálí yóò fi ṣófo, yóò wá ki orí bọ inú rẹ̀, yóò máa fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ símú. Mo pa ìwé dé, mo dìde lọ bu omi mu.

Obìnrin ará Filipíìnì kan wà ní kíláàsì wa, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó lápá Goresbrook. A jọ máa ń wọ bọ́ọ̀sì kan náà padà sílé. Màmá ni òun ń pè mí, nítorí lọ́dọ̀ tiwọn náà, wọn kì í dédé pe àgbà lórúkọ. Ó bi mí ohun tí mo fẹ́ kọ. Mo ní ewì náà kọ́ wa pé kí ọmọ máa mọrírì òbí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bí ìyá àgbà tòun ì bá ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó béèrè bóyá wọ́n máa ń fi páálí ránṣẹ́ nílẹ̀ tiwa náà.

Mo ní àpótí páànù ni tiwa. Bí ará ìlú wa kan bá ń bọ̀ láti Kùmásì, ìyá mi á ní kó bá òun gbé e wá sílé. Wọ́n á pín aṣọ, wọ́n á pín ọṣẹ, oníkálukú á mú tirẹ̀ lọ. N kì í bá wọn du ohunkóhun. Àpótí ni mo ń wò. Bí wọ́n bá ti tú ká, mo máa ń ki orí bọ inú rẹ̀, nítorí ó ń mú òórùn ìyá mi wá, òrí àti ọṣẹ ìwẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo máa dé e pinpin kí òórùn náà má bàa lọ. Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi kan ṣí i láti kó aṣọ rẹ̀ sí i, mo gé e jẹ. Wọ́n nà mí, mi ò sọ ìdí tí mo fi gé e jẹ.

Ọ̀rẹ́ mi kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Màmá, ẹ kọ ìyẹn."

Mo ní, "Kò sí ẹ̀kọ́ kankan nínú ìyẹn."

"Ẹ ṣáà kọ ọ́."

Mo délé ní Thames View tí mò ń gbé, mo jókòó sídìí tábìlì ilé ìdáná, ọwọ́ mi kò lọ. Ó ń ṣe mí bí ẹni tó fẹ́ jí ẹran jẹ nínú ìkòkò. Mo kọ́kọ́ kọ ọ́ bíi pé ọmọ ẹlòmíràn ni, mo fa ìyẹn ya. Nígbà tó yá, mo kọ ọ́ bó ṣe rí, òórùn òrí, eyín tí mo fi gé ẹ̀gbọ́n mi jẹ, gbogbo rẹ̀.

Olùkọ́ ní kí n dìde kà á. Mo kà á. Ọ̀rẹ́ mi gbé báàgì rẹ̀ sórí itan, ó kọjú sí fèrèsé títí mo fi parí. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n sọ fún mi pé mo ti yege, pé kí n máa bọ̀ ní ìpele kejì.

Ìpele kejì náà ni mo wà báyìí. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, wọ́n fún wa ní ìtàn ìdílé kan tó ń jà lórí ajá láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo kọ ọ́ gbangba pé ìtàn náà kò dùn mọ́ mi, pé ajá yẹn nìkan ló ní làákàyè nínú gbogbo wọn, mo sì sọ ìdí rẹ̀. Máàkì tí mo gbà lórí rẹ̀ ga ju ti ewì lọ. Láyé tiwa, ta ni yóò sọ fún àgbà pé àlọ́ rẹ̀ kò dùn? Ibo ni yóò sùn lọ́jọ́ náà?

N kò bá ìyá àgbà mi jà o. Ohun tí wọ́n fi kọ́ mi ni mo fi tọ́ ọmọ, òun náà ni mo fi ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Àmọ́ ayé ti yí padà. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, gbogbo ìgbà ni wọ́n ń bi yín pé kí lẹ rò, kí ló ṣe yín, mo sì ń rí i bó ṣe ń sú yín, tí ẹ ń gbé èjìká, tí ẹ ń sọ pé kò sí nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó bi wá rí. Bí wọ́n bá bi yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa dáhùn.