Àpò Tí Ó Fúyẹ́ ní Bassila

Ọdún mẹ́ta péré ni mo lò ní ilé-ìwé, ṣùgbọ́n mo mọ kajú. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ra kajú fún ọ̀gá kan ní Bassila, tí kọ́kọ́rọ́ màgásíìnì rẹ̀, ilé tí a ń kó ẹrù sí, sì wà lọ́wọ́ mi. Bí àgbẹ̀ bá gbé àpò dé, mo máa ń ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìsàlẹ̀, nítorí pé òkè ni wọ́n máa ń kó èyí tó gbẹ sí. Èyí tó gbẹ máa ń dún bí a bá mì ín. Èyí tó tutù kì í fọhùn.

Ní ọdún kan, ọkọ̀ tí yóò kó ẹrù lọ sí Cotonou pẹ́ kí ó tó dé. Ọ̀gá tún àwọn àpò wọ̀n, wọ́n sì fúyẹ́ ju bí mo ṣe rà wọ́n lọ.

Mo ní, "Ọ̀gá, omi ara kajú ló gbẹ. Iṣu tó pẹ́ nínú àká náà máa ń fúyẹ́."

Ó wo àwọn àgbẹ̀ àti alááru tó yí wa ká. "Ṣé omi náà ló bá ọ ra alùpùpù tí ò ń gùn yẹn?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ó gba kọ́kọ́rọ́, mo sì padà sí ìdí iṣu mi ní ìlú mi, Manigri.

Ẹni mẹ́ta ni ọ̀gá gbà síṣẹ́ lẹ́yìn mi láàárín ìgbà kajú kan ṣoṣo. Àkọ́kọ́ ra tútù, gbogbo rẹ̀ bu. Ẹ̀rù ba ẹnì kejì, ó dá kajú gbígbẹ àwọn àgbẹ̀ Doguè padà, wọ́n sì lọ tà á fún ẹlòmíràn, wọn kò sì padà wá mọ́. Ẹnì kẹta mọ iṣẹ́, àmọ́ ọkọ̀ tún pẹ́, àpò tún fúyẹ́, ọ̀gá sì lé e. N kò mọ iye tí ọ̀gá pàdánù, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó ju owó oṣù mi lọ dáadáa.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyàwó mi ké sí mi pé, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ jáde wá o! Omi ti gbé ọ̀gá yín dé."

Ọ̀gá ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀. Màá fi kún owó yín."

"Ẹ fi owó sílẹ̀ ná. Lójú àwọn tó rẹ́rìn-ín, ẹ sọ pé n kò jalè."

Ó gbà. Nígbà tí mo dé Bassila, ó kó wọn jọ sídìí ìwọ̀n, ó ní, "Bàbá yìí mọ kajú ju gbogbo wa lọ. Ó ti padà dé." Ó na kọ́kọ́rọ́ sí mi, mo gbà á.

"Ọ̀gá, ó ku gbólóhùn kan."

"Ẹ̀yin náà, Bàbá! Ọ̀rọ̀ àtijọ́ yẹn náà?"

Mo fi kọ́kọ́rọ́ náà sílẹ̀ sórí ìwọ̀n, mo gun alùpùpù mi padà sílé.

Ẹnì kẹrin ló wà níbẹ̀ báyìí. Mo ti ránṣẹ́ sí i pé kí ó máa wọn àpò kan náà lójú ọ̀gá ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ọ̀gá lè fi ojú ara rẹ̀ rí omi tí ń lọ.