Ohun Tó Fa Okùn Mi Lọ́sàn-án Gangan

Èmi kì í ṣe ọmọ apẹja. Iṣẹ́ olùkọ́ ló gbé mi dé Èrúwà. Ìlú olókè ni wọ́n ti bí mi, omi inú garawa ló sì pọ̀ jù nínú omi tí mo mọ̀ nígbà èwe mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru mú mi, dókítà ní kí n wá nǹkan kan máa ṣe tí kò ní ariwo nínú. Mo bá ra ọ̀pá ìwọ̀. Gbogbo Sátidé ni mò ń gun ọ̀kadà lọ sí adágún kan lẹ́yìn àwọn oko, níbi tí wọ́n ti dí odò ní ọjọ́ tó ti pẹ́.

Ara ọ̀pá ìwọ̀ náà ni rílì wà, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tí okùn wé mọ́. Èèyàn á fi àtàǹpàkò dá a dúró, á ju ìwọ̀, okùn á sì máa tú lọ. Tó bá fẹ́ ká okùn padà, á máa yí ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni ń yí ọwọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Orí fóònù ni mo ti ra rílì mi àkọ́kọ́. Ó pupa, ó ń dán, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Inú mi dùn sí i fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko.

Sátidé kẹta, ọ̀sán gangan, mo ju ìwọ̀ sí ẹ̀bá igi gbígbẹ méjì tó dúró láàárín omi. Atẹ́gùn kò fẹ́. Ẹyẹ tó ń ké tẹ́lẹ̀ dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni okùn mi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Mo ti rí bí ẹja ṣe ń gbé ìwọ̀. Á já a, á sinmi, á tún já a. Eléyìí kò já nǹkan kan. Ńṣe ló ń lọ, ó ń lọ, lẹ́sẹ̀ kan náà, bí àgbàlagbà tó ń rìn tí kò kánjú. Láti ẹ̀bá igi méjì yẹn ló ti ń bọ̀ síhà ọ̀tún mi. Mo di bíréèkì rílì mú, mo yí ọwọ́ rẹ̀. Mo gbọ́ “kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́” nínú rẹ̀, ọwọ́ náà sì ń yí lófo. Eyín àwọn jíà inú rẹ̀ ti jẹ tán. Okùn tú títí ó fi dé ìparí, ó sì já.

Bàbá kan wà nínú ọkọ̀ ojú omi nítòsí, tó ń kó àwọ̀n rẹ̀. Òun nìkan ni apẹja tí mo máa ń bá níbẹ̀. A ti ń kí ara wa, ṣùgbọ́n a kì í sọ̀rọ̀ gùn.

Mo ní, “Bàbá, ẹja ńlá mà lèyí o!”

Ó wo ibi tí okùn já sí. “Tíṣà, ẹja kọ́.” Ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Ó yẹ kí n fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ìyàwó mi sọ bẹ́ẹ̀; ó ní ẹja wà lọ́jà, wọ́n tilẹ̀ ti gé e. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bàbá náà kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Lọ́jọ́ Wẹsidé, lẹ́yìn iṣẹ́, mo lọ sí Ìgbó-Ọrà, sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń ta ọjà tòkunbọ̀. Láàárín àwọn kẹ̀kẹ́ ọmọdé àti àwọn áyọ́ọ̀nù àlòkù rẹ̀, ó ní rílì mẹ́ta.

Mo kọ́kọ́ gbé èyí tó ń dán jù. Ó rẹ́rìn-ín.

“Ọ̀gá, ẹ má fi ojú rà á. Ẹ fi ọwọ́ rà á.” Ó ní kí n mi ọwọ́ rílì náà, ó ń yẹ̀ gẹ́gẹ́rẹ́gẹ́. Ó gbé èkejì, ó fi súkúdíráfà tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó fi inú rẹ̀ hàn mí. “Ike ni eyín eléyìí. Tí nǹkan gidi bá fà á, á jẹ.”

Mo ní, “Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi.”

Ẹ̀kẹta dúdú, ọ̀dà ara rẹ̀ ti họ, ó sì wúwo lọ́wọ́ bí òkúta. Nígbà tó tú u, idẹ ni gbogbo eyín rẹ̀. Kò sí ìpẹtà. Ó ní kí n fa okùn rẹ̀ nígbà tí bíréèkì bá ti wọlé, kí n wò ó bóyá yóò máa fà mí padà ní dọ́gbadọ́gba tàbí yóò máa fà, yóò tún máa dúró. Ó fà dọ́gba. Ó wá gbé e sí etí mi, ó yí i. Kò dún rárá, àfi atẹ́gùn díẹ̀, bí ẹni tó ń mí lójú oorun.

Ó bi mí pé, “Ẹja wo lẹ tiẹ̀ fẹ́ pa?”

Mo ní, “N kò mọ̀.”

Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo ná an, ó sì tà á fún mi ní iye tí kò tó ìdajì ti tuntun.

Ọjọ́ méjì ni mo fi kọ́ rílì náà lórí pápá iléèwé. Okùn ń lọ́jú pọ̀ lójoojúmọ́ bí irun tí wọn kò yà fún oṣù kan, títí àtàǹpàkò mi fi mọ ìgbà tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́.

Sátidé dé. Ọ̀sán gangan náà ni, ibi kan náà ni mo dúró sí. Ìwọ̀ mi kò tíì balẹ̀ dáadáa nígbà tí okùn mú. Ó tún ń lọ síhà ọ̀tún, bí ìrìn àgbàlagbà. Rílì dúdú náà dì í mú, bíréèkì rẹ̀ sì ń jọ̀wọ́ okùn díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí mo rí i pé okùn fẹ́ tán, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn létí omi, mò ń bá a lọ. Tí mo bá yára, kò yára. Tí mo bá dúró, á fà mí.

Bàbá apẹja pariwo láti inú ọkọ̀ rẹ̀: “Tíṣà! Ẹ jẹ́ kó máa lọ!”

N kò jẹ́ kó lọ. Mo rìn títí mo fi dé ibi tí ọ̀nà oko àtijọ́ kan ti wọ inú omi lọ. Ibẹ̀ ni ó dúró. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká okùn, ó sì ń bọ̀ wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ti ń dúró de kí n pe òun. Ohun tó yọ jáde ni pákó ilẹ̀kùn kan, dúdú, tí ewé omi bò. Ìwọ̀ mi há sínú àgádágodo rẹ̀. Ó wà ní títì.

Bàbá gúnlẹ̀. Ó wo ilẹ̀kùn náà, ó sì jókòó sórí ẹrẹ̀.

“Ilé wa ni,” ó ní. “Abẹ́ igi méjì yẹn ni abúlé wa wà. Ọ̀nà tí ẹ dúró lé yìí la gbà jáde nígbà tí omi ń bọ̀.”

Ó ní ìyá òun ló ti ilẹ̀kùn yẹn fúnra rẹ̀, bí ẹni tó ń lọ sọ́jà tí yóò padà. Ìyá náà fún un ní kọ́kọ́rọ́ pé kó bá òun tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ìlú, ojoojúmọ́ ni ìyá náà ń béèrè kọ́kọ́rọ́, tí yóò sì máa dá rìn lọ sétí omi. Ẹ̀rù ń ba ọmọ rẹ̀ pé kó má wọ inú omi lọ. Ó bá purọ́ fún un pé kọ́kọ́rọ́ ti sọnù.

“Títí tó fi kú ló ń béèrè, Tíṣà. Kọ́kọ́rọ́ sì wà nínú àpótí mi.”

Omi adágún náà kì í ṣàn. Mo mọ ìyẹn dájú, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ nípa irú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì a padà lọ, àwa méjèèjì. Mo rò pé ìpẹtà ti jẹ inú àgádágodo náà, mo tilẹ̀ mú epo dání. Bàbá ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, ó yí i lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì ṣí. Ó bọ́ àgádágodo náà, ó sì ti ilẹ̀kùn padà sínú omi.

Ó ní, “Ìyá, ó wà lọ́wọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́.”

Ilẹ̀kùn náà kò léfòó. Ó rì lọ́gán bí irin.

Mo ṣì ń pẹja níbẹ̀. Mo ti fi rílì náà fa àrọ̀ tó pọ̀ jáde, mo sì mọ bí ẹja ṣe ń gbé ìwọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti kọ́ láti máa palẹ̀ mọ́ kí oòrùn tó dé àtàrí. Bàbá náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún ẹnì kejì pé kó ṣe é.