Pèrègún Lójú Ọ̀nà Ọ̀bọ

Ọdún tí típà yanrìn kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìn Fẹ́sítáàkì kọjá ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi fóònù ya ọ̀bọ lórí igi ọ̀pọ̀tọ́ lónìí, ẹ má rò pé wọ́n kàn ṣèèṣì dé ibẹ̀ ni. A jà kí wọ́n tó rí ọ̀nà gbà.

Iṣẹ́ ìjọba ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, inú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni mo sì ti lo ìgbà ọ̀dọ́ mi. Ẹni tó bá ti rí i rí bí aṣojú òṣìṣẹ́ ṣe ń fi ìbínú wọ ọ́fíìsì ọ̀gá, tó sì ń fi ẹ̀rín jáde, kò ní gba ẹ̀rín ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni tèmi rí, mi ò sì tọrọ àforíjì.

Igbó àbàtà méjì ló kù lẹ́yìn ilé wa, ọ̀kan níhà Fẹ́sítáàkì, èkejì níhà Amúwo. Igbó kan náà ni wọ́n tẹ́lẹ̀ kí àwọn oníyanrìn tó da yanrìn sí àárín wọn, tó wá di pápá gbalasa. Àwọn ọ̀bọ tó há síhà ọ̀dọ̀ wa kò rí èso jẹ yó, wọn kò sì rí ẹgbẹ́ wọn mọ́. Èyí tó bá fẹ́ sọdá, ajá tàbí mọ́tò á pa á. Lọ́jọ́ tí a rí abiyamọ kan tó kú sójú títì, tí ọmọ rẹ̀ ṣì dì mọ́ ọn láyà, mo sunkún. Ìyẹn ló mú ká pinnu láti gbin igi la pápá náà já, kí igbó méjèèjì lè tún so pọ̀.

Bọ̀dá Ṣẹ́gun, alága ẹgbẹ́ onílé wa, ló kó wa jọ, òun ló sì wá igi tí a máa gbìn. Mi ò fọkàn tán an. Ẹnìkan sọ fún mi pé òun rí i ní Mazamaza pẹ̀lú ọ̀gá àwọn oníyanrìn. Mo bi í. Ó ní ọ̀nà ló pa àwọn pọ̀. Mo ní ó dáa.

A gbin ọ̀pọ̀tọ́, a gbin àgbálùmọ̀. Ewúrẹ́ àwọn ará abúlé etí igbó ń jẹ wọ́n. Bọ̀dá Ṣẹ́gun ní ká gé pèrègún, ká rì í mọ́lẹ̀ yí wọn ká, torí pé kì í tètè kú. Gbogbo wa ní àmọ̀ràn gidi ni. Ẹ wò ó, àwa tí ìjọba fún ní ilé tó ní nọ́ńbà, tí a ti pẹ́ ní àwọn òpópónà Fẹ́sítáàkì tí wọ́n ń pè ní àfẹ́nù àti kúlóòsì, a ti gbàgbé ohun tí pèrègún ń sọ.

Láàárọ̀ Sátidé tó tẹ̀ lé e, a bá gbogbo rẹ̀ ní fífàtu, àti igi àti pèrègún. Mo kọjú sí Bọ̀dá Ṣẹ́gun, mo sọ fún un lójú gbogbo èèyàn pé bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Àwọn kan ti ń múra láti lọ bá àwọn oníyanrìn jà nígbà tí Bàbá Àkànní, olórí ẹbí tó ni abúlé náà, yọ sí wa tòun tọ̀pá.

"Èmi ni mo ní kí wọ́n fà á," ló wí. "Màmá, ibo lẹ ti wá?"

Mo ní Ìjẹ̀bú ni.

"Tí ẹ bá jí ní Ìjẹ̀bú, tí ẹ rí pèrègún àjèjì lórí ilẹ̀ bàbá yín, kí lẹ máa pè é?"

Ìgbà náà ló yé mi. Ààlà ni. Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ̀ pé pèrègún la fi ń pa ààlà ilẹ̀? A ti pa ààlà sórí ilẹ̀ onílẹ̀, a wá ń sọ pé ọ̀bọ la ń ràn lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ìjọba ti gba ilẹ̀ àwọn baba Bàbá Àkànní kọ́ ilé tí àwa ń gbé. Ẹni tí ejò bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá.

A kúnlẹ̀, a bẹ̀ ẹ́. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní ẹbí òun ni yóò fi ọwọ́ ara wọn gbin gbogbo rẹ̀, àti pèrègún. Ìpàdé wa gbóná lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá gbin igi ló ni ín; bí wọ́n bá gé e tà lọ́la ńkọ́? Ohùn tèmi ló le jù. Àmọ́ òjò ti ń ṣú, a kò ní ọ̀nà míì. Wọ́n gbìn ín, àwa pọn omi.

Igi náà kò tíì ga dé orúnkún nígbà tí típà àti katapílà dé. A jókòó sójú ọ̀nà. Ẹni tó ń wa katapílà bú wa ní arúgbó aláìníṣẹ́. Bàbá Àkànní kò bá a jiyàn, ó lọ dúró ti pèrègún.

"Ọmọ mi, ṣé o mọ èyí?"

Ọkùnrin náà wo pèrègún, ó wo bàbá, ó pa ẹ́ńjìnnì. "Bàbá, ẹni tó rán wa sọ pé ilẹ̀ yìí ò lólóhun."

"Èmi nìyí."

Wọ́n yí padà. Kò dárúkọ ẹni tó rán wọn, títí dòní mi ò mọ̀ ọ́n. Mo wo Bọ̀dá Ṣẹ́gun. Ó ń rẹ́rìn-ín, bóyá inú rẹ̀ dùn lóòótọ́.

Àwọn ọ̀bọ ti ń sọdá báyìí. Ìyẹn la jèrè. Igi kì í ṣe tiwa, ìyẹn la pàdánù. Ó sì ku ohun kan tí a jẹ yín.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí i pé pèrègún kan ti sún wọnú ọ̀nà àwọn ọ̀bọ. Bọ̀dá Ṣẹ́gun ní bóyá àgbàrá ló gbé e. Ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ táútáú. Mo lọ pe Bàbá Àkànní, tí ojú rẹ̀ ti di bàìbàì. Ó fọwọ́ kan iyẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀, ó ní bí òun ṣe kọ́ àwọn ọmọ òun láti máa rì í nìyẹn, ọwọ́ ọ̀kan nínú wọn ni. Ó fà á tu, ó tún un rì síbi tó wà tẹ́lẹ̀, mo bá a mú ọ̀pá rẹ̀ dání.

"Màmá," ó ní, "tí mo bá kú, ta ló máa mọ ibi tó yẹ kó wà?"

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́. Pèrègún náà wà lẹ́bàá òkúta funfun, lápá ọ̀tún ọ̀pọ̀tọ́ tó ga jù. Ẹ lọ fi ojú ara yín wò ó. Ẹ má kàn gba ẹnikẹ́ni gbọ́, títí kan èmi.